Ojúlówó Tí À Ń Tà

Ìyá kò tíì bọ́jú tán tó fi rí i pé wọ́n ti gba tábìlì mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n ti ká aṣọ oníbàárà sórí àga, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, páálí oríṣiríṣi ló kún orí tábìlì bí ẹni fẹ́ pàtẹ. Àlàyé ló wà nídìí iṣẹ́ náà, àbíkẹ́yìn ilé, ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé girama. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí o bá bi í pé kí ni aago wí, yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Ta ló ní kí o gbé ẹ̀rọ mi sílẹ̀?" ni Ìyá bi í.

"Màmá, ẹ má bínú. Òní nìkan ni. Tábìlì yín nìkan ló fẹ̀ tó nílé yìí."

"Ó fẹ̀ torí aṣọ tí mò ń gé lórí ẹ̀. Aṣọ yẹn ló ń bọ́ ẹ, tó o bá ti gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ti di orin nínú ilé. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà kọ́ o. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe géèmù ni, tí ọkọ̀ máa ń sáré nínú rẹ̀ débi pé eruku rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ èèyàn lójú. Èyí tí wọ́n ti tò tán ní ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ sétí, ni Àlàyé bá ní òun á ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì tò ó fúnra òun. Odindi ìsinmi gígùn ló fi bá ìyá rẹ̀ gán etí aṣọ, tó ń gán bọ́tìnnì, Ìyá sì ń bá a tọ́jú owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi ra ohun tó wà lórí tábìlì. Bí nǹkan wọ̀nyí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí òmíràn lẹ́yìn wọn, gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Òkè náà mọ̀. Obìnrin yìí ló ń gbé lókè wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe nísàlẹ̀ tí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó tutù. Géèmù ni wọ́n sọ fún un, tẹ́tẹ́ ló gbọ́ sí i. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, gbogbo àwọn tó ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ ti gbọ́ pé ọmọ ìyá aránṣọ fẹ́ máa ta tẹ́tẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Àlàyé gòkè lọ ṣàlàyé fún un. Ó ṣàlàyé títí ẹnu fi bó o. Ìyá Òkè ní ó ti yé òun, ó sì gbàdúrà fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní kó dákun, nọ́ńbà wo ló rò pé ó máa jáde.

Ìyá fúnra rẹ̀ ti bá Àlàyé fa ọ̀rọ̀ náà nígbà tó kọ́kọ́ délẹ̀. Ó ní, "Kí ni èrè tó wà nínú ẹ̀?" Àlàyé ní, "Màmá, eré náà ni èrè ẹ̀." Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì rántí ìgbà tí òun ṣe eré kẹ́yìn.

Bàbá jáde láti yàrá, ó di búrẹ́dì mú lọ́wọ́ kan, ó di ife tíì mú lọ́wọ́ kejì. Bíríkìlà ni. Kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tí kò bá sì níṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ohun tí kò kàn án ló máa ń wò.

"Èwo nìyí?" Ó na búrẹ́dì sí pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní ihò àti ẹ̀gún wẹ́wẹ́ káàkiri.

"Ìyá nìyẹn, Bàbá. Pátákó ìyá ni wọ́n ń pè é. Òun ni gbogbo àwọn tó kù ń so mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ó kéré tán wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ilé ró. Bàbá ńkọ́? Wọn ò ráyè fi í síbẹ̀ ni?"

"Bàbá ni páwà, Màmá. Òun ló ń gba iná wọlé, tó ń pín in fún kálukú bó ṣe yẹ."

Bàbá tẹ́rí gba oyè náà, ó fi búrẹ́dì bọ tíì.

Ìyá ní òun ò ráyè, ẹ̀wà òun wà lórí iná. Síbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó mú nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn.

"Ráàmù nìyẹn," ni Àlàyé wí. "Ẹ wo tábìlì yín yìí. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni aṣọ tẹ́ ẹ lè tẹ́ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ráàmù ni tábìlì. Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ̀ ń ká aṣọ sí tí iṣẹ́ bá parí."

"Nǹkan tó rí bí ìyarun yìí ni tábìlì? Aṣọ ta ló máa gbà?"

"Ó gba aṣọ gbogbo àdúgbò, Màmá."

"Kí ló dé tó ò ra méjì?"

"Méjì náà ni. Ìkejì ti wà nínú ihò ẹ̀."

Ìyá fà mọ́ ọn. Ó bi í pé ibo ni ọpọlọ wà, Àlàyé fi han án. Ó bi í pé ṣé tuntun ni, Àlàyé ní tòkunbọ̀ ni, pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í gbó bọ̀rọ̀, tòkunbọ̀ tó mọ́ sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Bàbá ní ohun tí òun ti ń sọ nípa ara òun láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ìyá na ṣíbí ọbẹ̀ sí i.

"Ibi téèyàn ti lè ṣọ́wó ná wà," ni Àlàyé wí. "Àpótí tí gbogbo ẹ̀ máa wọ̀, èyí tó rọjú jù ni mo rà, torí kò sẹ́ni tó ń fi àpótí ṣe géèmù. Ṣùgbọ́n páwà? Ahun ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé, ojú kì í sì í tó o. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Tí páwà ò bá dáa, ọjọ́ tó bá máa kú, gbogbo ilé ló máa kó dání."

Nǹkan méjì ló kù. Páwà náà ni ìkíní, Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí obìnrin ilé, ti jáde lọ mú un wá. Ìkejì ni káàdì àwòrán, òun ló ń ya àwòrán géèmù sójú sikirínì. Láìsí i, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà náà ni wọn óò tò. Káàdì yìí ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí Ẹ̀gbọ́n ti ń bá wọn tajà, ní òpópónà àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ọ̀gá rẹ̀ ti gbà pé kó gbé e lọ́jọ́ náà, kí òun máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Àlàyé ti nu ibi tí káàdì náà máa jókòó sí títí ó fi ń dán.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n. Onífọ́tò ni, ọkùnrin tó ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiwọn nínú ọgbà kan náà. Àlàyé ló pè é wá wòran. Ó fẹ́ràn ohun tó bá ti ń lo iná, ó sì ti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ rí, èyí tó fi ń tún àwòrán ṣe. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n náà ló ti rà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó gbọ́ pàá, òórùn rọ́bà gba inú yàrá, ó parí nìyẹn. Àwòrán ìgbéyàwó tí kò tíì fún tọkọtaya wà nínú rẹ̀, àti ti ìyá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo tí àwọn ní nìyẹn. Láti ìgbà náà, fóònù ló fi ń tún fọ́tò ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ o, ará ilé. Ẹ ò tíì tan án?"

"Bàbá Onífọ́tò, ẹ wọlé, ẹ jókòó," ni Àlàyé wí. "A ò tíì rí páwà."

"Ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mo fiṣẹ́ pa tèmi."

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó jó, ó wá bá Ẹ̀gbọ́n nínú ilé yìí kan náà, ó ní òun ló fa á, pé òun kò jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀wà ti ń hó kí Ẹ̀gbọ́n tó wọlé. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Ó di nǹkan mú nínú ọ̀rá dúdú. Nígbà tó rí Onífọ́tò lórí àga, ó kí i, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá sí yàrá.

"Níbo lò ń gbé e lọ? Gbé e wá ká rí i," ni Ìyá wí. Ó gba ọ̀rá náà, ó tú u.

Àpótí irin ni, ó tó bíríkì kékeré kan. Ara rẹ̀ ti họ, ọ̀dà rẹ̀ ti bó létí, eruku ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà láàárín abẹ́ fáànù rẹ̀.

Ìyá wo àpótí náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Páwà ni, Màmá. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n—"

"Mo rí i pé tòkunbọ̀ ni. Ojú mi ò fọ́. Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti to tuntun dé àjà! A kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Mo rí àwọn tuntun yẹn lọ́jọ́ tí mo wá kí ẹ, tí wọ́n dúdú, tí wọ́n ń dán, tó ní ìwé ìdánilójú. Wọn ò ta á fún ẹ ni?"

"Màmá, èyí náà dáa."

"Dáa bí i ti báwo? Ọmọ yìí gán bọ́tìnnì títí ìka ẹ̀ fi wú, o wá lọ ra ohun tí ẹlòmíì ti lò gbó fún un!"

Bàbá náà dá sí i. Ó ní kì í ṣe pé òun ń bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní Bàbá ni páwà, ó yẹ kí wọ́n wá Bàbá tó jọ èèyàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀, ó wo ibi tí Onífọ́tò jókòó sí, ó fa ìyá rẹ̀ lápá wọ ilé ìdáná.

Aṣọ ìkélé ló wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ í sọ, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti kọ́ ọ. Ìyá kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ti ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ pariwo bo ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ohun tí àwọn tó wà ní pálọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn rẹ̀ tó ròkè fún ìyàlẹ́nu.

"Ojúlówó tí ẹ̀ ń tà kọ́? Ojúlówó tí ẹ̀ ń lò? Ṣé ojúlówó tún pín sí méjì ni?"



Ó pín sí méjì. Kì í ṣe ní òpópónà oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ta ni kò tíì dúró níwájú ọlọ́jà rí kí wọ́n bi í pé, "Ojúlówó lẹ fẹ́ ni, àbí ojúlówó gan-an?" Tí ẹ bá sì ní gan-an, wọ́n á wọ inú lọ, wọ́n á mú ọ̀kan jáde tí ó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, owó rẹ̀ nìkan ni kò jọra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta táyà ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta oògùn ibà fún ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa ti di. A ò bínú mọ́. Ohun tí à ń bi ara wa báyìí ni pé, "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Ẹni tí kò bá mọ ẹnì kankan, kó máa fi orí ara rẹ̀ rà á.

Ní òpópónà yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ ní orúkọ tiwọn fún un. Èyí tí wọ́n ń gbé fún oníbàárà ni ojúlówó tí à ń tà. Èyí tí wọ́n ń wá fún ọmọ ìyá wọn ni ojúlówó tí à ń lò. Lóòótọ́ wọn kì í pe ìkankan ní ayédèrú. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ ṣọ́ọ̀bù.

Àlàyé gbé irin tó fi ń tú ìdè sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti máa béèrè, ìbéèrè máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ibi tó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló pè láti ibi tó wà, "èwo lẹ tà fún Bàbá Onífọ́tò?"

Ìyá ṣí ìkélé, ó rí ojú Onífọ́tò, ó tún fẹ́ fa ìkélé náà dé, ó sì rí i pé ó ti pẹ́ jù.

Onífọ́tò dìde. Ó rọra jáde. Bàbá rò pé ó ti lọ nìyẹn, ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọjá sí yàrá tirẹ̀, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fa nǹkan lábẹ́ ibùsùn, ó sì padà dé pẹ̀lú àpótí irin kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ìwé tó wà lára rẹ̀ ṣì ń dán níbi tí iná kò dé. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gbó.

Ó fi ọwọ́ kan gbé ti Ẹ̀gbọ́n, ó fi ọwọ́ kejì gbé tirẹ̀. Ó gbé wọn sókè sódò fún ìgbà díẹ̀. Àlàyé náà na ọwọ́, ó gbé wọn wò. Ti Ẹ̀gbọ́n wúwo bí òkúta. Ti Onífọ́tò fúyẹ́, bí agolo tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán.

"Kí ló dé tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀?" ni Àlàyé bi í. Ó ti sún mọ́ ihò àpótí náà, ó ń yọjú. "Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà níbí. Ibi tó yẹ kí irin ńlá tó ń dá iná dúró wà, òfìfo ni."

"Mo rò pé èmi ni mo fiṣẹ́ pa á," ni Onífọ́tò wí. Ẹ̀gbọ́n ló kọjú sí. "Mo wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ nínú ilé yìí. O rántí?"

"Mo rántí, sà."

"O mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

Bàbá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ iṣẹ́ ni. Ohun tí ọ̀gá bá gbé kalẹ̀ ló ń tà. Òun kọ́ ló ṣe é. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbè é. Òwe náà kàn dúró láàárín ilé. Bàbá fúnra rẹ̀ wo ibòmíràn, bóyá ó rántí iyanrìn tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì kọjá bó ṣe yẹ nígbà tí onílé kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ níwájú Onífọ́tò. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ti ìkíni yẹn. "Ẹ má bínú, sà. Ayédèrú ni mo tà fún yín. Ẹ̀rù ló bà mí láti sọ. Nígbà tẹ́ ẹ wá ní ẹ̀yin lẹ fa á, mo jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìtìjú ni, ojúlówó ìtìjú.

"Mo gbọ́," ni Onífọ́tò wí. "Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Inú ṣì máa bí mi lọ́la."

"Ẹ jẹ́ n bu ẹ̀wà fún yín," ni Ìyá wí. Kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ. Ó bù ú, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Onífọ́tò kò jẹ ẹ́, kò sì kúrò níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù Ẹ̀gbọ́n fi dún. Ó ti gbé páwà tó jó náà mọ́ra, èédú ti gba ọwọ́ rẹ̀, ni Àlàyé bá bá a tẹ fóònù náà, ó gbé e síwájú rẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Ohùn Ọ̀gá ló kún pálọ̀.

"Báwo ni nǹkan? Káàdì àbúrò ẹ ti wà nílẹ̀ níbí o, mo ti dì í. Gbọ́, oníbàárà kan wà níwájú mi, kò gba tèmi. Ó ní ìwọ lo tajà fún ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́sí, ó ní ẹnu ìwọ nìkan lòun fẹ́ gbọ́. Sọ fún un pé ojúlówó ni páwà yìí, kó jẹ́ ká parí ọjà."

Ohùn obìnrin kan wọlé, ohùn ẹni tó ti rìn nínú oòrùn. "Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ mi ni mo fẹ́ rà á fún. Wọ́n ní olóòótọ́ ni yín. Ṣé ojúlówó ni?"

Àlàyé wo fóònù. Ó wo ibi tó nu títí tó ń dán lára pátákó ìyá. Gbogbo ilé mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan máa ṣe. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, káàdì á wọlé kí oòrùn tó wọ̀, géèmù á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀. Àlàyé ì bá mi orí pé kó gbà. Kò mi orí, kò sì gbọn orí pé kó má gbà. Ìbẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀.

"Mà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ẹ má rà á. Ayédèrú ni. Irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí, ó ti jó."

Wọ́n gbọ́ tí Ọ̀gá pariwo, "Kí lo sọ?" Ìpè náà já. Kò pẹ́ tí fóònù tún dún, àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ló wọlé. Àlàyé ló kà á jáde, ohùn rẹ̀ kéré: "Dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà lónìí. Gbàgbé káàdì."

Àlàyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bú sẹ́kún. Kò ṣe bí ọmọ rere tí inú rẹ̀ dùn sí òtítọ́. Ó sunkún ìsinmi rẹ̀ tó lọ, ó sunkún bọ́tìnnì. "Ẹ ò bá dúró títí di ọ̀la kẹ́ ẹ tó sọ ọ́," ló ń sọ. "Ọ̀la péré." Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó rí èédú ọwọ́ ara rẹ̀, ó fà á padà.

"Kò sí ọ̀la nínú ẹ̀," ni Ìyá wí. "Obìnrin yẹn á ti rà á." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàyé, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú. "A ó tún gán bọ́tìnnì. Èmi náà á bá ẹ gán an."

Bàbá na ọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n. "Mú kọ́kọ́rọ́ náà wá. Èmi ni n óò mú un lọ. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn pariwo lé ọmọ mi lórí láàárín òpópónà." Ẹ̀gbọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ náà nínú báàgì rẹ̀, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìtura hàn lójú rẹ̀. Ó ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Onífọ́tò ti dìde. Ó ti gba páwà tó jó náà, ó fi í sí abíyá.

"Bíríkìlà," ló wí, "fún un ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Òun ló tà á. Èmi náà ń lọ, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ̀gá yẹn sọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tó mọ bó ṣe rí dúró tì mí."

Bàbá wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo Ìyá. Ìyá wo ìkòkò ẹ̀wà. Bàbá dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Onífọ́tò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Òkè ti wà lójú wíńdò rẹ̀, ó ń béèrè pé ta ló kú. Àlàyé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wá aṣọ kan, ó fi bo àwọn nǹkan orí tábìlì kí eruku má bàa wọ inú wọn, ó sì sáré tẹ̀lé wọn.